Àwọn Sátidé Oko Ọsàn

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Olùkọ́ ni, ó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń dá gbé. Kò sí ibi tó jókòó sí tí kò ní mẹ́nu ba Oko Ọsàn. Oko ìjọba ni, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìwà wọn ti tòrò lọ, kí wọ́n máa dáko títí ọjọ́ wọn yóò fi pé. Oko náà kò ní odi, kò sì ní wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Òkúta tí wọ́n kùn lẹ́fun ni wọ́n tò yí i ká. Ẹlẹ́wọ̀n tó bá fẹ́ sá, kó gbé ẹsẹ̀ kọjá òkúta ló kù. Orúkọ tó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà gùn, ṣùgbọ́n nítorí igi ọsàn tó pọ̀ níbẹ̀, Oko Ọsàn ni gbogbo ayé ń pè é.

Ọkùnrin yìí gbà pé bàbá òun ni ọ̀gá àwọn wọ́dà ibẹ̀.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ sọ fún òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin pé bàbá wọn ti ríṣẹ́ ìjọba. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìyá á wẹ̀ fún wọn, á fi òrí pa wọ́n lára, wọ́n á sì wọ bọ́lẹ́kájà. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní oríta, wọ́n á fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Bó bá jẹ́ àsìkò tí ọsàn ń tanná, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé wọn lọ́nà.

Bàbá á ti dúró dè wọ́n lẹ́bàá òkúta ẹfun. Á gbé àbúrò rẹ̀ lé èjìká. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ á máa kí i bó ṣe ń kọjá: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gá, àwọn ọmọ ti dé.” Wọ́n á bó ọsàn fún àwọn ọmọ, èèpo rẹ̀ á gùn wálẹ̀ láìjá. Wọ́n á bu àdàlú fún wọn nínú ìkòkò kan tó tóbi débi pé ọmọ kékeré lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣe alágbẹ̀dẹ níbẹ̀ rọ ọkọ́ kékeré kan fún ọmọkùnrin náà, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á lu irin tí wọ́n so mọ́ igi. Bàbá á wá sìn wọ́n dé ibi òkúta, á dúró síbẹ̀, kò sì ní kọjá rẹ̀. Ọmọ náà rò pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó lè kúrò.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, bàbá padà sílé, ó ń dá oko tirẹ̀. Ó kú nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mọ́kànlá. Nínú gbogbo ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti lò láyé, kò sí èyí tó dùn tó àwọn Sátidé wọ̀nyẹn. Bí ọsàn bá kọjá nímú rẹ̀ lọ́jà, á dúró díẹ̀ kó tó máa lọ.

Ìjọba ti oko náà pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa wá wò ó, kí wọ́n lè mọ bí ayé àtijọ́ ti rí. Bí ọkùnrin náà ṣe gbọ́, ó kó ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sínú mọ́tò. Láti ilé títí wọ́n fi débẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń sọ. Ó ní kí wọ́n máa wò ó, wọn ò ní í ṣàì rí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Obìnrin kan ló ń mú àlejò kiri oko náà. Kò kéré sí ọkùnrin yìí púpọ̀ lọ́jọ́ orí. Ó ní inú ọgbà yẹn ni wọ́n bí òun sí, pé bàbá òun ni wọ́dà àgbà tó ń bójú tó o. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó rò ó pé bóyá ọ̀kan nínú àwọn bàbá méjèèjì ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì.

Àwọn àlejò tó mẹ́wàá. Obìnrin náà fi ilé alágbẹ̀dẹ hàn wọ́n, ó fi yàrá gígùn tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń sùn hàn wọ́n. Ìkòkò ńlá náà ṣì wà, ó ti dógùn-ún, ewé gbígbẹ ló kún inú rẹ̀. Igi ọsàn àtijọ́ kò ju mẹ́rin lọ mọ́. Ọkùnrin náà ń fi ọwọ́ pa èèpo igi wọn bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀. Ó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ibi báyìí lòun ti jókòó, ibi báyìí lòun ti kọ ebè àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, obìnrin náà ní kí wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Ó ní bí àlejò bá bi òun pé kí ni kò jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n sá kúrò ní oko tí kò ní odi, ìtàn kan tí bàbá òun sọ fún òun lòun fi ń dáhùn.

Ó ní obìnrin kan wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá òun lọ́jọ́ kan. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń béèrè bàbá wọn, ó sì ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa wá kí i, kí wọ́n má sì mọ̀. Wọ́dà àgbà sọ fún un pé òun kò lè pàṣẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó lọ bi àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù fúnra wọn. Ọgọ́ta ọkùnrin ni wọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni àgbà kan tí ọmọ tirẹ̀ ti ránṣẹ́ sí pé òun kò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa bọ̀.

Obìnrin náà ní, “Láti oṣù yẹn, bó bá ti di Sátidé àkọ́kọ́, gbogbo wọn á bọ́ aṣọ ẹ̀wọ̀n, wọ́n á wọ aṣọ oko lásán. Wọ́n á máa pe ọkùnrin náà ní Ọ̀gá. Bàbá mi pàápàá a máa bẹ́rí fún un.”

Ó ní wọ́n tilẹ̀ rọ ọkọ́ kékeré kan fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà kan já lù wọ́n láti olú-ìlú, ó bá gbogbo ẹlẹ́wọ̀n láìwọ aṣọ ẹ̀wọ̀n. Bàbá òun kò sọ ìdí rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ náà wà nítòsí. Wọ́n fi ìgbéga dù ú lọ́dún yẹn.

Àwọn àlejò mirí. Ìyàwó ọkùnrin náà ti yíjú sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì ń wò ó. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ nǹkan kan. Ó bi obìnrin náà pé kí lorúkọ ẹlẹ́wọ̀n yẹn.

Obìnrin náà dáhùn pé, “Bàbá mi kò dárúkọ rẹ̀ fún mi rí, sà. Mo bi í títí. Ó ní orúkọ onítọ̀hún kì í ṣe ohun tí òun lè fi tọrẹ.”

Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ síbi tí àwọn òkúta ẹfun díẹ̀ kù sí, ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n padà sílé.

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá ìyá rẹ̀ nílé. Ìyá ti darúgbó, ó jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ bá wá, ó gbé àtẹ kúrò lórí ẹsẹ̀. Kò jiyàn. Ó ní bàbá wọn bá ẹnìkan jà nítorí ààlà oko, ó fi igi gbá a lójú, ojú náà sì fọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá a. Ó lo ọdún kan nínú ọgbà olódi, ó wá lo méjì yòókù ní Oko Ọsàn.

Ọkùnrin náà ní, “Màámi, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa fi irọ́ yangàn láti kékeré.”

Ìyá ní, “Oyèkànmí, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. O ń sunkún bàbá. Bàbá ni mo wá fún ọ.”

Ó ní bàbá wọn ti pinnu pé òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́, bí ọmọ náà bá tó ọkùnrin. Ikú kò jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdọọdún lòun ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀, títí ọ̀rọ̀ náà fi hewú mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọmọ rẹ̀ bi í pé àwọn wo ló mọ̀ ládùúgbò. Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ta ni kò mọ̀? Ó ní àwọn kan bá òun jà lójú odò, wọ́n bú òun, wọ́n bú ìyá òun, ṣùgbọ́n wọn kò bú òun ní ìyàwó ẹlẹ́wọ̀n lójú àwọn ọmọ. Ó wá sọ ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ fún un. Káfíńtà tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ni.

Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, orí bẹ́ǹṣì káfíńtà yẹn ló ti máa ń jókòó bó bá ti jáde. Ibẹ̀ ló ti ń ròyìn ipò bàbá rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí káfíńtà náà á sì máa fá pákó rẹ̀ lọ. Ìyá ní káfíńtà náà kò bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí bàbá wọn fi kú. Òun lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbà.

Ọkùnrin náà lọ bá a lọ́jọ́ yẹn náà. Káfíńtà ti di arúgbó, ojú kan tó kù ti ń ṣe bàìbàì. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Arúgbó náà ní kó dìde, pé òun mọ ohun tó gbé e wá.

Ó ní, “Bàbá rẹ fọ́ mi lójú. Mi ò dárí jì í títí ó fi lọ, ó sì ń dùn mí báyìí. Ṣùgbọ́n àwa méjì la jà. Ìwọ kò sí níbẹ̀.”

Ọkùnrin náà bi í pé bí òun ṣe ń yangàn létí rẹ̀ ńkọ́, ṣé kò bí i nínú ni?

Arúgbó náà ní, “Ọ̀rọ̀ náà dé eyín mi lọ́jọ́ kan. Mo wò ọ́ bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì.”

Ọkùnrin náà délé, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn pátá, kò fi ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe pa mọ́. Nígbà tí ọsàn tún tanná, ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí oko náà. Ó sọ fún obìnrin tó ń mú àlejò kiri pé bàbá òun ni ẹni tí wọ́n pè ní Ọ̀gá. Obìnrin náà di ọwọ́ ìyá mú, ó ní bàbá òun ṣì ń béèrè nípa àwọn ọmọ yẹn títí ó fi kú. Ọkùnrin náà ṣì ń sọ títí di òní pé kò sí ọjọ́ tó dùn tó àwọn Sátidé yẹn. Tẹ́lẹ̀, ó rò pé ipò bàbá òun ló mú wọn dùn. Ní báyìí, ó mọ̀ pé ọgọ́ta ọkùnrin tí kò bá a tan ni wọ́n pawọ́ pọ̀ mú wọn dùn fún òun.

Àbúrò mi, ìdí tí mo fi ní kí o jókòó nìyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣẹ̀ ọ́, ó sì ti wà lẹ́wọ̀n báyìí. Mo gbọ́ pé o ní níbi ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ Àìkú, lójú àwọn ọmọ rẹ̀, ni o ó ti sọ irú ènìyàn tí bàbá wọn jẹ́. N kò ní kí o má bínú. N kò sì ní kí o purọ́ fún wọn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́, ẹnu ẹni tó bí wọn ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni ohun tí o fẹ́ sọ. Òtítọ́ ni ti káfíńtà náà, ojú rẹ̀ ló sì bá a lọ. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ jà. Àwọn ọmọ yẹn kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé eyín rẹ lọ́jọ́ Àìkú, wo ojú wọn, kí o gbé e mì.