Bí Yangí Ṣe Di Òkúta Pupa Oníhò

Nígbà láéláé, nígbà tí òkúta ṣì máa ń dáni lóhùn, dúdú ni Yangí, ara rẹ̀ sì ń dán. Kò ní ihò kankan lára. Ó mọ̀ pé òun rẹwà, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbàgbé.

Etí odò kékeré kan ló ń gbé. Ibẹ̀ náà ni Àwẹ̀ró aláró ti ń rẹ aṣọ. Kí Àwẹ̀ró tó ki aṣọ bọ inú ìkòkò, á kọ́kọ́ fi ìka kan aró, á tọ́ ọ lá, kó lè mọ̀ bóyá ó ti kan dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá ti lo aró tán, inú odò ló ń da omi rẹ̀ sí. Ó rò pé odò ń gbé e lọ síbi tí kò kan ẹnikẹ́ni.

Ó kan Ìyá Akàn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò kò ṣàn mọ́, omi ti dúdú kirikiri, ó sì ń fún un lọ́fun. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n jáde. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó fẹ̀gbẹ́ rìn lọ bá aláró.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ odò wa lá wò, bí ẹ ṣe ń tọ́ ti inú ìkòkò yín."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó tọ́ ọ lá. Kíá ló tu ú dànù.

"Yéè! Ìyá Akàn, inú èyí lo ń gbé? Má bínú, n ò mọ̀." Àánú ṣe é dénú, kò sì da aró síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti dà ńkọ́?

Wọ́n ké pe Afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́ títí, ojú omi nìkan ló ń mì.

"N ò ríbi dúró bá aró yìí jà," ó ní. "Yangí, jẹ́ kí n wọ inú rẹ."

"Inú ta ni? Èmi tí mò ń dán báyìí? Ẹ wá ẹlòmíràn!"

Ìyá Akàn kò bá a jà. Ó yíjú ikùn rẹ̀ sókè, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ hàn án. Wọ́n kéré bí ọkà bàbà.

"Bàbá, àwọn nìyí."

Yangí wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwẹ̀ró, gbé mi sáàárín omi. Afẹ́fẹ́, máa bọ̀."

Afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń dá a lu káàkiri, ibi tó bá sì fẹ́ dé ń pupa bí irin tó dípẹtà. Ó dun Yangí, ó sì ké. Aró tó bá ti kan ara Yangí, Afẹ́fẹ́ á gbá a mú níbẹ̀, á já a sí wẹ́wẹ́ títí kò fi ní àwọ̀ mọ́. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé, bí Yangí ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, agbára rẹ̀ kò dín.

Ní ọjọ́ kẹta, omi mọ́ gaara. Yangí rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀: ó pupa, ihò ló kún ara rẹ̀. Ó fẹ́ bú sẹ́kún. Àfi bí àwọn ọmọ akàn ṣe tú jáde, tí wọ́n sá wọ inú àwọn ihò náà, tí wọ́n ń ṣeré.

Ìyá Akàn fi gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni."

"Jẹ́ kí wọ́n máa gbé ibẹ̀," ni Yangí wí.

Láti ọjọ́ náà ni Yangí ti pupa, tí ara rẹ̀ sì kún fún ihò. Láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró ti ń da omi aró rẹ̀ sínú kòtò tó to yangí sí, tí á sì sọ kó tó yí padà lọ sílé pé, "Yangí, a dúpẹ́ o."