Kọ̀ǹpútà Tí Ó Jí Tí Ojú Rẹ̀ Ṣì Ṣókùnkùn

Ọkùnrin kan ń bẹ tí ó kù díẹ̀ kí ó nu iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá nù, nítorí pé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kì í dá a lóhùn bí ó bá jí i lójú oorun. Gbé àpò yẹn sílẹ̀ ná, Àkàngbé, kí o gbọ́ ìtàn rẹ̀. Mo ti rí i pé aṣọ ìyàwó rẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Mo sì ti gbọ́ ohun tí o wí: o ní obìnrin náà kò bá ọ sọ̀rọ̀ fún oṣù méje gbáko, pé ó kàn ń jí, ó ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ògiri. O ní èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí mo ṣáájú àwọn tí ó lọ tọrọ rẹ̀, ni kí n dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀. Ó dára. Àpò kò ní sá lọ. Jókòó.

Olórí akọrin ni ọkùnrin tí mò ń wí yìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo orin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ọdún mẹ́rìnlá, inú kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n wà. Kò kọ wọ́n síbòmíràn. Bí a bá ní kí ó kọ wọ́n síwèé, á ní òun ń bọ̀ wá ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ ayé ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ rí.

Ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, yóò fi wáyà so kọ̀ǹpútà náà mọ́ ẹ̀rọ kan tí ń tan ọ̀rọ̀ orin sára ògiri, kí gbogbo ìjọ lè rí i kà. Nígbà náà, ara ògiri ni ojú kọ̀ǹpútà máa ń wà. Ojú tirẹ̀ gan-an á ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni olórí akọrin ṣe fẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ kan, ìsìn parí, ó pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé, kọ̀ǹpútà sùn, òun náà jáde lọ kí àwọn ènìyàn. Kí ó tó padà, àwa àgbà ìjọ ti tú wáyà, a ti gbé ẹ̀rọ ara ògiri fún ìjọ mìíràn tí ó wá tọrọ rẹ̀. A kò ní èrò ibi. A rò pé ìrànlọ́wọ́ ni à ń ṣe, kí ó lè bá ibẹ̀ ní mímọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti dé. Bí ó bá pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá, tí ó tún tàn án, yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sùn lásán, tí ó wá jí i, ojú rẹ̀ á ṣú dùdù. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tàn, fáànù inú rẹ̀ á máa fẹ́, kò sì ní fèsì. Olórí akọrin á tẹ bọ́tìnì yìí, á tẹ tọ̀hún. Á gbá a ní àbàrá bí ẹni tí ń bá ọmọ alágídí wí. Nígbẹ̀yìn, á tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi bọ́. Nígbàkígbà tí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ń kọ lọ́wọ́ á ṣòfò. Orin ìkórè tí ó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lọ. Èmi tí mò ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo rí omi lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó pààrọ̀ bátìrì, kò yí padà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà náà má sùn mọ́ rárá, ó sì gbóná bí ààrò. Ó wá gbé e lọ bá ọkùnrin kan tí ń tún un ṣe. Ẹni yẹn kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Ó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun." Ó ti rẹ olórí akọrin, ó sì gbà pé òun yóò gbé e padà wá ní ọjọ́ kejì. Ìwọ náà ti ní àwọn tí ó gbà ọ́ nímọ̀ràn báyẹn, Àkàngbé. Mo mọ̀ wọ́n.

Ọlọ́run bá a ṣe é, kí ó tó padà lọ síbẹ̀, ó yà lọ́dọ̀ obìnrin kan tí òun náà ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn pápá ìṣeré. Èmi ni mo sìn ín lọ. Ó jí kọ̀ǹpútà níwájú obìnrin náà, ojú rẹ̀ ṣú dùdù bí ó ti máa ń ṣe, olórí akọrin sì na ọwọ́ sí bọ́tìnì iná.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, sà," ni obìnrin náà wí. Ó gbé etí sí i. "Kò kú. Ó ti jí. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí."

"Kí ló wá dé tí kò fojú hàn?"

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Kí ló wà lára ẹ̀ lọ́jọ́ tó sùn kẹ́yìn tí ara ẹ̀ ṣì dá?"

Olórí akọrin sọ ti ẹ̀rọ ara ògiri fún un.

"Ta ló yọ ọ́?"

"Àwọn àgbà ìjọ ni."

"Ṣé ojú ẹ̀ là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ ọ́?"

"Rárá. Ó ń sùn lọ́wọ́."

Obìnrin náà mi orí. Ó fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Orí wáyà kékeré kan ṣì wà níbẹ̀, kò ju oríkèé ìka lọ. Àwa tí a tú wáyà kò rántí rẹ̀. Ó ní, "Ara ògiri lojú ẹ̀ wà nígbà tó sùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ògiri ti lọ. Gbogbo ìgbà tó bá jí, ibẹ̀ náà ló ń kọjú sí. Kì í ṣe pé kò dá yín lóhùn, sà. Ibi tí kò sí mọ́ ló ń dáhùn sí."

Olórí akọrin ní kí ó fa orí wáyà náà yọ, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó kọ̀. "Wọ́n ti já ògiri gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kò mọ̀. A ò ní tún já a gbà. Ẹ lọ tọrọ ẹ̀rọ yẹn padà, fún wákàtí kan péré."

Olórí akọrin kùn, ṣùgbọ́n ó lọ. Nígbà tí wọ́n so méjèèjì pọ̀, ìmọ́lẹ̀ tàn sára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Orin tí ó ń kọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti fi í sílẹ̀. Ìlà kékeré tí ń ṣẹ́jú sì wà ní ibi ọ̀rọ̀ tí ó dúró sí gan-an, ó ń dúró dè é. Kò sí ohun kan tí ó sọnù. Obìnrin náà jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ lára ògiri. Lẹ́yìn náà, ó tẹ bọ́tìnì méjì, ojú náà kúrò níbẹ̀, ó padà sí àyè rẹ̀. Ìgbà náà ni ó wá yọ wáyà àti orí rẹ̀. Wọ́n mú un sùn, wọ́n jí i, ó sì fojú hàn.

Ènìyàn kì í ṣe kọ̀ǹpútà, Àkàngbé. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọmọ yín kú, níbo ni ìyá rẹ̀ wà? Wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ oorun ní ọsibítù, nítorí igbe rẹ̀ kò dá. Ọmọ ọdún mẹ́rin, òun nìkan ni ẹ bí, ojú ìyá rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ó fi máa jí, a ti sin ọmọ. A ti kó aṣọ rẹ̀, a ti kó bàtà rẹ̀, a ti yọ fọ́tò rẹ̀ lára ògiri yàrá, a ti gbálẹ̀. O ní ògiri ni ó ń wò. Ǹjẹ́ o tilẹ̀ wo ibi tí ó ń wò? Ibi tí fọ́tò náà wà tẹ́lẹ̀ ni.

Àṣà wa ni pé òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, àṣà náà sì ní ìdí tirẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ. Èmi náà ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà níwájú ìyá rẹ̀ mọ́. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Morákinyọ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, kò ní orúkọ mọ́. A wí fún un pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí ó rí ibi tí omi náà dà sí. Nísinsìnyí, ìwọ wá gbé agbè fúnra rẹ̀ wá bá mi, kí n bá ọ gbé e sọnù.

Kì í ṣe ìwọ nìkan ni mò ń bá wí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wà lára àwọn tí ó tú wáyà, ẹ̀ẹ̀kejì yìí sì dùn mí débi pé n kò mọ bí n ó ti sọ ọ́. Bàtà ọmọ náà ń bẹ nínú àpótí mi. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́la, kí oòrùn tó mú, n ó kó wọn wá, n ó sì mú ẹ̀yin méjèèjì lọ sí ibi tí mo sin ín sí, nítorí ìwọ náà kò mọ ibẹ̀. Bí ẹbí bá máa bínú, kí wọ́n wá bínú sí mi, èmi ni mo dàgbà jù. N kò sọ pé yóò rẹ́rìn-ín lọ́la. Jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀ bí ó bá ti fẹ́. Má fà á.

Ṣùgbọ́n lónìí, gbé àpò yìí padà sílé, kí o kó aṣọ rẹ̀ sí àyè wọn. Bí o bá bá a ní etí bẹ́ẹ̀dì, má bi í pé kí ló ń ṣe é. Jókòó tì í, kí ìwọ náà kọjú sí ògiri. Pè é ní Ìyá Morákinyọ̀, kí o sì dúró. Bí kò bá tètè dáhùn, má na ọwọ́ sí bọ́tìnì kankan. Ó ti jí.