Ayélàágbé àti Ọrùn Ọ̀kọ̀

Ìlú Ìdó-Apá kò tóbi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní agboolé tirẹ̀, agboolé kọ̀ọ̀kan ló sì ní èèwọ̀ tó máa ń kà fún ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́. Bí o bá ti gba irinṣẹ́ wọn, o ti gba èèwọ̀ wọn nìyẹn, àfi ọjọ́ tí o bá dá irinṣẹ́ náà padà. Nítorí náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹni tí orí rẹ̀ pé ń gbà níbẹ̀, á sì jókòó tì í.

Ayélàágbé ní tirẹ̀ fẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ojúkòkòrò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n gbé òkú bàbá rẹ̀ ti inú igbó dé. Ẹkùn ló pa á. Àwọn àgbà jókòó yí òkú ká, oníkálukú ń sọ ohun tí olóògbé kò ní. Ọdẹ ní ojú rẹ̀ ni kò yá. Ajàkadì ní apá rẹ̀ ni kò le tó. Oníṣègùn ní kò sí egbòogi lára rẹ̀. Akọpẹ ní ká ní ó mọ igi gùn ni. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì pinnu pé kò ní sí ohun tí òun kò ní ní. Ó ṣe tán, òun nìkan ló kù fún Móníláárí, àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Bó ṣe dàgbà, ó lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ọdẹ, oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ajàkadì, ó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, akọpẹ àti asunrárà. Kò pẹ́ tí ayé fi dàrú mọ́ ọn lójú. Ọdẹ kì í dáhùn ìkíni kí oòrùn tó yọ, asunrárà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ìkíni bọ́ sílẹ̀. Bí ìyá àgbà kan bá kí i láàárọ̀ kùtù, á la ẹnu, á pa á dé, á tún là á. Ajàkadì kì í jẹ ilá, kí ọwọ́ má baà máa yọ̀. Oníṣègùn kì í kọ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Móníláárí se ilá, ó kàn ń wo àwo ni títí ọbẹ̀ fi tutù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò jẹun ni?”

“Mi ò tíì mọ̀.”

“Ṣé ebi ò pa yín?”

“Ebi ń pa oníṣègùn inú mi. Ajàkadì ló ní rárá.”

“Ẹ yáa bá wọn parí ìjà, kí n ráyè fọ àwo.”

Ọ̀dọ̀ Baba Ògúnrántí alágbẹ̀dẹ ló lọ gbẹ̀yìn. Ẹ̀bá ọ̀nà odò ni àgbẹ̀dẹ rẹ̀ wà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni baba náà fi ń ki irin kan ṣoṣo bọ iná, ojú kan ṣoṣo ló sì ń lù lára rẹ̀.

“Baba, ṣé irin yìí ò gbọ́ ni?”

“Ó ń gbọ́.”

“Ẹ ò wá lu ibòmíràn.”

“Ṣé ibòmíràn ló ń dùn mí ni?”

Kò yé Ayélàágbé. Ó wo irin, ó wo baba, ó rò ó pé bóyá arúgbó ń gbàgbé ibi tó lù ni. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó gbọn eérú nù lẹ́sẹ̀, ó ní òun ti mọ iṣẹ́ náà. Baba ń fín ẹwìrì rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta sí i, ní ìyálẹ̀ta, igbe Móníláárí ta láti ọ̀nà odò. Ayélàágbé kó ọrun, ó kó ọfà, ó kó àpò egbòogi, ó so igbà akọpẹ mọ́dìí, ó sáré. Ó bá ọmọbìnrin náà lórí igi apá, ìkòkò omi rẹ̀ ti fọ́ sílẹ̀, ẹkùn sì ti fi èékánná ọwọ́ méjèèjì kọ́ igi. Bí ẹranko náà ṣe rí i, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí i.

Ó fi ọfà lé ọrun. Ó rántí pé asunrárà kì í dúró níwájú ẹni ńlá kó má kì í. Ó la ẹnu. Ọdẹ kì í sọ̀rọ̀ tí ọfà bá wà lójú ọrun. Ó pa ẹnu dé, ó ju ọrun nù, ó na ọwọ́ sí àpò. Oníṣègùn ní ọwọ́ tó bá ti di irin mú kì í kan egbòogi. Ó fà á padà. Ó ku ìjàkadì, ṣùgbọ́n ajàkadì kì í gbá ẹni tí kò tíì fọwọ́ kanlẹ̀ kí i mú. Ó wo ẹkùn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Àbí ìkíni nìyẹn?

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Móníláárí wí láti òkè, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ọ̀kan. Èyí tó bá wù yín.”

Kò mọ èyí tó wu òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn mọ́lẹ̀ bí èèkàn. Àfi bí nǹkan tútù ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ ni. Baba Ògúnrántí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mí hẹlẹ.

“Fi ìdí rẹ̀ gún ilẹ̀. Dì í mú. Má ro nǹkan kan.”

Ẹkùn fò. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ bọ́ lé ọ̀kọ̀ náà lórí, ọrùn irin rọ̀, ó tẹ̀ bí ọrun, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́. Ẹranko náà jà títí, ó sì dákẹ́.

Nígbà tí Móníláárí sọ̀ kalẹ̀, Ayélàágbé yí ọ̀kọ̀ náà padà, ó sì rí ojú ibi tí òòlù fi ọjọ́ mẹ́sàn-án bà lé.

“Baba, ibí yìí ni.”

“Ibẹ̀ ni.”

“Kí lẹ ń wá níbẹ̀?”

Arúgbó náà rọra jókòó sílẹ̀. “Ojú bàbá rẹ yá, apá rẹ̀ le. Kò sí ohun tí kò ní. Ọ̀kọ̀ ló ṣẹ́ lọ́rùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi ni mo rọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọrùn tí kò ní ṣẹ́.”

Lọ́jọ́ kejì, Ayélàágbé dá ọrun padà, ó dá igbà, àpò àti gbogbo irinṣẹ́ yòókù padà, ó jẹ ilá ní àjẹyó, ó sì lọ jókòó ti Baba Ògúnrántí. Oṣù ń lọ, ọdún ń yí, ojú kan náà ló ń lù. Bí àwọn èrò odò bá ń fi í rẹ́rìn-ín, Móníláárí á sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, á ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ó mọ ohun tó ń wá.” Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.