Aṣọ Tí Ìlọ̀rí Fi Bo Ẹṣin Ọ̀dànlá

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ọ̀nà kò tíì la igbó já, tí ènìyàn ń fi òòrùn mọ ibi tí ó ń lọ, ìlú kan wà ní etí ọ̀dàn tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dànlá. Àwọn ará Ọ̀dànlá kò mọ odi yí ìlú wọn ká, wọn kò sì ní òkè tí wọ́n lè sá gùn bí ogun bá dé. Ẹṣin ni odi wọn, ẹṣin sì ni òkè wọn. Ní ìhà kejì odò ni àwọn ará Gàlàmù ń gbé, àwọn tí kì í gbin ọkà ṣùgbọ́n tí àká wọn kì í ṣófo, nítorí pé ohun tí ẹlòmíràn bá gbìn ni wọ́n ń kórè. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí odò sì fà débi pé ẹsẹ̀ lè là á kọjá, wọn a dìde wá láti kó ènìyàn lẹ́rú. Lọ́dọọdún náà ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀dànlá ń lé wọn padà.

Àwọn ará Ọ̀dànlá ní èèwọ̀ kan tí wọn kì í fi ṣeré. Bí ẹni tí ó ní ẹṣin bá kú, wọn kì í fi ẹnu kéde rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń dà bo ẹṣin rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí, wọn a sì fà á yí ìlú ká. Ẹni tí ó bá rí i kò ní béèrè ọ̀rọ̀. Yóò wo àwọ̀ ẹsẹ̀ ẹṣin náà, yóò mọ ẹni tí ó ni ín, yóò sì káwọ́ lérí. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó jẹ́ fi ohunkóhun bo ẹṣin ẹni tí ó wà láàyè, ìbáà ṣe ẹní, ìbáà ṣe àkísà, nítorí wọ́n gbà pé aṣọ tí ó bá ti gun ẹ̀yìn ẹṣin ti ránṣẹ́ pe ikú, ikú kì í sì í jẹ́ ìpè lásán.

Ìlọ̀rí ni Olókùn-ẹṣin fún Ọlọ́dànlá tí ó jẹ́ ọba ìlú náà. Olókùn-ẹṣin ni ìjòyè tí ó ń ṣe ìtọ́jú ẹṣin ọba àti ti gbogbo ìlú. Ìlọ̀rí, ọkọ Àwẹ̀ró, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ó ń tu ẹṣin oníjàgídíjàgan lójú. Ẹni tí ẹṣin ń rí tí ó ń mi orí, tí ènìyàn ń rí tí ó ń fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Aláwàdà ni. Ó ti fi irun ìrù ẹṣin ṣe irùngbọ̀n fún àgùntàn kan rí, ó fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀tún Adékambí, ó dọ̀bálẹ̀ fún àgùntàn náà, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá." Irùngbọ̀n Ọ̀tún ni ó gùn jù ní ìlú. Ọ̀tún kò bá a sọ̀rọ̀ títí iṣu tuntun fi jáde.

Ṣùgbọ́n bí Ìlọ̀rí bá ti wọ ilé ẹṣin, àwàdà rẹ̀ a dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bí ọyẹ́ bá dé, kì í jẹ́ kí ẹṣin mu omi tí ó sùn mọ́ ìta. Ó ń fi omi gbígbóná là á títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń po èèrí ọkà bàbà pẹ̀lú kánún díẹ̀ kí inú wọn má baà le, ó sì ń jẹ́ kí koríko gbígbẹ àti ewé ẹ̀pà wà níwájú wọn títí ilẹ̀ fi ń mọ́, nítorí ó gbà pé ẹṣin tí ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ kì í tutù bọ̀rọ̀. Ó ń fi òrí pa pátákò wọn kí ó má baà sán, ó sì ń fi pa ihò imú wọn tí erukutu ti bẹ́.

Ọdún kan wá tí ìtọ́jú yìí kò tó. Kí wọ́n tó kó ọkà délé tán ni ọyẹ́ ti dé, kò sì dé bí àlejò, bí onílé ni ó ṣe wọlé. Erukutu bo ojú òòrùn. Omi inú ìkòkò ń ta eyín bí ẹ̀gún. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín koríko ògiri ilé ẹṣin kọjá bí ẹni pé kò sí ògiri níbẹ̀. Ìlọ̀rí dá iná, èéfín mú kí ẹṣin máa wú ikọ́. Ó pa iná, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n wọ́n. Àwọn ọmọ ẹṣin ni ó kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn abo tí ó lóyún. Nígbà tí akọ ẹṣin ogun kan tí ó ti la odò Gàlàmù já láìmọye ìgbà dùbúlẹ̀, tí kò dìde mọ́, Ìlọ̀rí wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ sí ààfin.

Ó bá ọba àti àwọn ìjòyè níbi tí wọ́n ká sí, tí olúkúlùkù wọn fi aṣọ ìbora wé ara títí dé etí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, aṣọ ni mo wá tọrọ."

Ọlọ́dànlá ní, "Òtútù mú ọ?"

"Kò mú mi, Kábíyèsí. Àwọn ẹṣin ni ó mú."

Ọ̀tún Adékambí ni ó kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó na ọrùn jáde láti inú aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ìlọ̀rí, àwàdà ní ààyè tirẹ̀. Bí o bá fi aṣọ bo ẹṣin mi, èmi ni o fẹ́ sin. Bí o bá fi bo ti Kábíyèsí, ẹnu mi kò lè sọ ohun tí o ṣe."

Ìlọ̀rí ní, "Bàbá, n kò ṣàwàdà. Bí aṣọ kò bá ṣeé fún wọn, ó ku ọ̀nà kan. Kí olúkúlùkù ìjòyè mú ẹṣin rẹ̀ wọ yàrá, kí ó fi í sí àárín ara rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọlọ́dànlá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí a kò bá bò wọ́n ńkọ́?"

"Nígbà tí odò bá fà, Kábíyèsí, ẹsẹ̀ lásán ni a ó fi pàdé Gàlàmù. Ẹni tí ó bá sì fi ẹsẹ̀ lásán pàdé Gàlàmù, okùn ni yóò fi bá wọn lọ."

Ọba wo ilẹ̀. Ọ̀tún náà wo ilẹ̀, nítorí òótọ́ kò ṣeé fi irùngbọ̀n bò. Nígbà náà ni Ìlọ̀rí dìde lórí eékún rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ọ̀dànlá kò gbàgbé títí di òní.

Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ̀yin bàbá mi, aṣọ tí ó gun ẹ̀yìn ẹṣin, ikú ẹni tí ó ni ẹṣin ni ó ń kéde, kò kéde ikú ẹlòmíràn. Ẹ kó okùn gbogbo ẹṣin yín lé mi lọ́wọ́. Ẹ fi wọ́n ta mí lọ́rẹ níwájú ilẹ̀ àti ọ̀run. Bí wọ́n bá ti di tèmi, èmi nìkan ni aṣọ yóò pè, èmi nìkan ni yóò sì jẹ́ ẹ. Nígbà tí ọyẹ́ bá lọ, ẹ pín ogún mi bí a ṣe ń pín ogún òkú, kí olúkúlùkù mú ẹṣin tirẹ̀."

Ọlọ́dànlá ní, "O mọ ohun tí o ń wí? Bí a bá ti kéde rẹ, a kò ní pe orúkọ rẹ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ọ, ẹnikẹ́ni kò ní bá ọ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bá ọ jẹun nínú àwo kan. Ìyàwó rẹ yóò wọ aṣọ opó."

"Mo mọ̀, Kábíyèsí."

"Ṣé o ti sọ fún un?"

Ìlọ̀rí na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún okùn.

Báyìí ni wọ́n ṣe kó okùn lé e lọ́wọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á mọ́, tí ó fi àwọn tí ó kù kọ́ ọrùn. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ wá, nítorí àṣà wọn ni pé kò sí ilé tí kì í mú aṣọ wá sìnkú ìjòyè. Àwọn obìnrin bọ́ ìborùn wọn, àwọn ahunṣọ ká èyí tí wọn kò tíì hun tán. Ọ̀tún náà mú aṣọ wá. Ìlọ̀rí na aṣọ náà sí ojú òòrùn, ó sì sọ fún ẹṣin tí ó wà níwájú rẹ̀ pé, "Òkú kì í mọ iye tí a ra aṣọ ìsìnkú, ṣùgbọ́n òkú yìí mọ̀ pé èyí ti fàya." Ọ̀tún padà sí ilé, ó sì mú òmíràn tí ó nípọn wá.

Wọ́n fa àwọn ẹṣin yí ìlú ká nínú aṣọ. Àwẹ̀ró, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún nítorí wọn kì í fi ẹnu kéde ikú, gbọ́ ẹkún láti ìdí ààrò, ó sáré jáde láti mọ ẹni tí ó kú. Ó rí ẹṣin ọba nínú aṣọ, ó káwọ́ lérí. Ó rí ti Ọ̀tún, ó jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rí ẹṣin ọkọ rẹ̀, ó sì rí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ tí ó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn, tí ó ń tún aṣọ ṣe níbi tí afẹ́fẹ́ ti ká a. Àwọn àgbà obìnrin tú irun rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé oúnjẹ lọ sí ilé ẹṣin. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó dojú kọ ẹṣin kan, ó ní, "Ẹṣin, bí o bá rí òkú kan níbí, sọ fún un pé ẹni tí ó ń lọ sí ọ̀run a máa dágbére fún aya rẹ̀."

Ìlọ̀rí fi ọwọ́ lé imú ẹṣin náà, ó ní, "Sọ fún opó yẹn pé ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá dágbére, n kò ní lè lọ."

Àwẹ̀ró gbé àwo sílẹ̀ lẹ́bàá pátákò ẹṣin. Ó ní, "Sọ fún un kí ó jẹun kí ọbẹ̀ tó dì."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ sì wá béèrè ẹni tí yóò ṣú u lópó, ó ní òun ti ní ọkọ, pé kíkú nìkan ni ó kú, kò gbàgbé oúnjẹ rẹ̀.

Ọyẹ́ jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ aṣọ, ara àwọn ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ikọ́ wọn rọlẹ̀, wọ́n tún ń fi eyín fa koríko bí ẹni tí ó jẹ wọ́n lówó. Nígbà tí odò fà, ìlú péjọ, wọ́n pín ogún òkú, olúkúlùkù sì gba ẹṣin tirẹ̀. Àwọn ará Gàlàmù la odò wá pẹ̀lú okùn léjìká, nítorí wọ́n rò pé òtútù tí ó pa ẹṣin tiwọn ti pa ti Ọ̀dànlá. Ẹṣin tí òtútù kò gbọ̀n ni ó pàdé wọn ní etí omi. Wọ́n fi okùn wọn sílẹ̀, àwọn tí ó lè sá sá lọ. Ìlọ̀rí kò lọ sí ogun náà, nítorí òkú kì í jagun. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹṣin tí ó ṣófo, ó ń fetí sí ìró pátákò títí wọ́n fi padà.

Ọlọ́dànlá kò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin tí ó fi darí wá bá a. Ó ní, "Ẹni tí ó kéde rẹ náà ni yóò dá ọ padà. Mo fẹ́ pe orúkọ rẹ."

Ìlọ̀rí na ọwọ́ síwájú bí ẹni tí ó ń dá ẹṣin dúró. Ẹṣin ọba ni ó bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹṣin, bẹ olówó rẹ fún mi. Bí ó bá pe orúkọ náà, èmi yóò dáhùn, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dáhùn. Bí mo bá sì dáhùn, òkú kò kú. Bí òkú kò bá kú, ogún tí ẹ pín kì í ṣe ogún, ẹṣin kò sì di tèmi rí. Aṣọ tí ó gun ẹ̀yìn rẹ nígbà náà, ikú ta ni ó kéde? Ikú ti jáde kúrò nílé. Bí kò bá bá mi, ààfin ni yóò yà sí."

Ọba ya ẹnu, ó pa á dé. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀tún Adékambí ṣí fìlà rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹṣin náà, ẹni tí ó rí i kò rẹ́rìn-ín.

Ìlọ̀rí wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọyẹ́ bá ti dé, wọn a kó okùn wá fún un. Bí ọyẹ́ bá lọ, wọn a pín ogún rẹ̀. Ó darúgbó láàárín àwọn ẹṣin, irun rẹ̀ funfun, kò sì sí ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Àwẹ̀ró gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ó bá a ní ìjókòó, ó fara ti ògiri, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹṣin, sọ fún un pé ẹ̀kọ ti dé." Ẹṣin náà gbé orí, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Àwẹ̀ró wò ó títí ó fi yé e. Ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀, ó jáde sí ìta gbangba, ó sì pè é, nítorí orúkọ tí wọn kò gbọdọ̀ pè kí ó má baà dáhùn, kò sí ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ìlọ̀rí." Aládùúgbò gbọ́, òun náà pè é. Ilé dé ilé ni wọ́n ń gbà á títí gbogbo ìlú fi ń pe orúkọ kan ṣoṣo. Ọlọ́dànlá fúnra rẹ̀ bọ́ aṣọ kúrò lẹ́yìn ẹṣin rẹ̀, ó sì fi í bo Ìlọ̀rí.

Wọn kò gbẹ́ ère rẹ̀, wọn kò sì kó òkúta jọ sí ibojì rẹ̀. Ohun tí ó fi sílẹ̀ wà lẹ́nu. Ní Ọ̀dànlá, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ní ẹṣin a ju okùn rẹ̀ sílẹ̀, a ní, "Ìlọ̀rí ni ó ni ọ́," kí ó tó da aṣọ bò ó. Bí àlejò bá wọ ìlú ní àsìkò náà, tí ó rí àwọn ẹṣin tí ara wọn yá lábẹ́ aṣọ, tí ó sì béèrè ẹni tí ó ni wọ́n, yálà ọba ni ó bi tàbí ọmọdé, ìdáhùn kan náà ni yóò gbà. Nítorí kò sí ẹni tí ó ní ẹṣin ní Ọ̀dànlá nígbà ọyẹ́, àfi ọkùnrin kan.