Yìnyín Inú Pósí

Olóyè Agúnbíadé, olórí ẹbí, ti là á mọ́lẹ̀ fún Mojírayọ̀ pé bí oòrùn bá wọ̀ kí òkú ìyá rẹ̀ tó délé, wọn kò ní sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Olóyè mọ̀ pé ọkọ̀ ògbólógbòó tí ọmọ náà ń wà kì í gun òkè láìgbóná. Lóòótọ́, bí Mojírayọ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀ ṣe ń gbé òkú bọ̀, rédíétọ̀ jò, ẹ́ńjìnì hó, ó sì kú sórí òkè. Mojírayọ̀ dúró kí ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó bu gbogbo omi mímu wọn sí i, ó yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ̀, nítorí ooru ti sọ epo inú páìpù di afẹ́fẹ́, kò sì dé ẹ́ńjìnì mọ́. Oòrùn ń lọ. Ó bá ṣí pósí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó kúnlẹ̀. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi nínú òtútù yín.” Ó kó yìnyín tí wọ́n fi tọ́jú òkú, ó fi gèlè rẹ̀ dì í mọ́ pọ́ǹpù epo kí epo lè tutù. Àbúrò ìyá rẹ̀ figbe ta: “Òkú wá ńkọ́?” “Àǹtí, ilé ni Màámi fẹ́ dé.” Nígbà tó tún yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì gbà. Oòrùn ṣì wà lórí òrùlé nígbà tí wọ́n wọ agbo ilé. Olóyè wo ojú ọ̀run, ó ní kí wọ́n gbé òkú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Mojírayọ̀ fọwọ́ kan iwájú orí ìyá rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Láìsí yìnyín, ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ẹni tó ń sùn. Ìgbà náà ló tó sunkún.