Ojú Tanímọ̀la

Ara Ọdẹ́jìnmí ọdẹ ò lélẹ̀. Bó ti ń jókòó ló ń dìde. Abẹ́ ojú Tanímọ̀la, ajá rẹ̀, wú, ọyún ń jáde níbẹ̀. Ó kán oògùn ojú sí i títí, pàbó ló já sí.

“Bàbá Ọláwándé, ẹnu ajá yìí ń rùn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Ojú ló ń dùn ún, ìwọ ń sọ ẹnu.”

Nígbà tí tọkọtìyàwó gbé e dọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹnu ajá ni dókítà là wò. Eegun líle ti la eyín òkè kan, gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà dé abẹ́ ojú.

“A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá,” ni dókítà wí, ó sì yọ eyín náà.

Ojú gbẹ. Ni Ọdẹ́jìnmí bá mú eegun ẹtu, ẹ̀tọ́ ajá ọdẹ, ó fẹ́ jù ú sí i. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Bàbá Ọláwándé, ẹ̀tẹ̀ ọ̀hún ló wà lọ́wọ́ yín yẹn.”