Ìkòkò Àgbo Àwẹ̀ró

Àwẹ̀ró, aya Láògún, mọ ìkòkò ju gbogbo obìnrin Òkè-Amọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọdún kẹsàn-án rèé nílé ọkọ, kò tíì fọwọ́ gbé ọmọ tirẹ̀. Oúnjẹ ò wù ú, oorun jìnnà sí i. Bí ọmọ bá ké nílé kejì, á gbé ẹkún tirẹ̀ mì. Àwọn ìyàwó ilé ò sì dá a sí.

"Ìwọ tí ò ń mọ ìkòkò, mọ ọmọ kan ká rí i!"

Ó tọ Ìyá Oyèwùmí lọ, arúgbó tó ń se àgbo fún àwọn tó ń wá ọmọ. Ìyá wò ó títí.

"Àgbo ò wọ́n mi. Lọ mọ ìkòkò tí a ó fi sè é. Ọjọ́ tó bá tinú iná jáde ní odidi la ó bẹ̀rẹ̀."

"Ìyá, ìkòkò kún ilé mi."

"Tọjà nìyẹn. Tìrẹ ni mo ní kó o mọ."

Ọjọ́ yẹn gan-an ló mọ ọ́n. Ọmọdé Òkè-Amọ̀ pàápàá mọ̀ pé ibòòji ni amọ̀ tútù ń gbé fún ọjọ́ mẹ́wàá kí iná tó kàn án. Àwẹ̀ró mọ̀. Ìkánjú ni ò jẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e síná. Gbàùn! Ìkòkò fọ́, àpáàdì rẹ̀ fò dé ẹsẹ̀ Láògún.

Ó kó àpáàdì lọ bá Ìyá. "Iná yẹn burú, Ìyá."

"Iná kọ́. Omi ló wà nínú amọ̀ náà. Gbogbo ẹkún tó o ti gbé mì náà ṣì wà nínú ìwọ fúnra rẹ. Ibo ni kí n da àgbo sí? Mọ òmíràn, kó o gbé e sí ibòòji, kí ìwọ náà lọ jókòó sí ibòòji. Sun ẹkún yẹn lójú ọkọ rẹ. Ìkómọ tó bá máa gún ọ lọ́kàn, má lọ. Sọ pé èmi ni mo ní kó o má lọ. Jẹun. Sùn."

Alẹ́ ọjọ́ náà ló sunkún lójú Láògún. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Àwẹ̀ró. Mo kàn ń ṣe bí akọ ni." Ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró mọ ìkòkò òmíràn, ó gbé e sí ibòòji. Lọ́jọ́ kẹrin Láògún ní òun náà fẹ́ mọ ìkòkò. Àwẹ̀ró wo ohun tí ọkọ rẹ̀ mọ.

"Olówó orí mi, ṣé ìkòkò nìyí àbí bàtà?"

Ẹ̀rín gbé e ṣubú. Kò rántí ọjọ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ọjọ́ mẹ́wàá di ogún. Kò kánjú mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n sun ìkòkò, gbogbo ilé ló pé jọ. Iná jó, iná kú, wọ́n wa eérú kúrò. Ìkòkò náà jókòó láàrin eérú, ó pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, kò sán níbì kankan. Ìyá Oyèwùmí fi ìka kàn án. Ó dún gooro, ohùn náà ń lọ, ń lọ, títí àwọn tó ń bú Àwẹ̀ró fi fọwọ́ bo ẹnu. Láògún ti dọ̀bálẹ̀, kò mọ̀. Ìyá ṣí gèlè bí ẹni tó ń ṣí fìlà fún ọba.

"Láti ìgbà tí mo ti ń se àgbo, n ò gbọ́ irú èyí rí."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé àgbo kaná. Ọmọ ò dé lọ́dún náà, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ò fọ́. Lọ́dún kejì, ìkòkò yẹn kan náà ni wọ́n fi gbé omi ìwẹ̀ ọmọ rẹ̀ kaná.

Àwọn tó gbọ́ bí ìkòkò náà ṣe dún ló kọ́kọ́ sọ ọ́, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.